Ní Ebu Ìsàn

Mo fi míkísà kọ́rùn
bí ọmọ tó ń kiri gúgúrú ṣe ń gbé àtẹ,
okùn rẹ̀ ń jẹ mí léjìká láti Adó.
Ọ̀kadà já mi sílẹ̀ lẹ́nu ebu
níbi tí èéfín àná ṣì ń rọra yọ nínú eérú.

Bátìrì mẹ́jọ wọlé, orí ń wo ìdí, ìdí ń wo orí.
Iná kan ṣẹ́jú, ó di àwọ̀ ewé.
Wáyà kìíní, máìkì ọ̀tún. Wáyà kejì, máìkì òsì.
Mo rán iná gba inú wáyà sí wọn,
nítorí irú máìkì yìí kì í gbọ́ràn bí kò bá jẹun.
Mo wọ̀ wọ́n láṣọ onírun torí afẹ́fẹ́ òkè.
Àwọn ọmọdé figbe ta: "Ẹ wá wo ológbò lórí igi!"

Ẹ̀rọ ìlọta ń kùn lójúlé kẹta.
Mo bẹ Ajíṣefínní tó ni ín.
Ó ní bí ẹ̀rọ bá sinmi, ta ni yóò bá òun bẹ ẹ̀wà
tó ti rẹ sómi láti àárọ̀?
Mo padà, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń gé ìsàlẹ̀ ohùn.
Ìkùn náà rọ̀. Kò tán.

Yèyé Ìbírónkẹ́ gbé igi pẹlẹbẹ, ó lu amọ̀: pàá!
Iná míkísà fò láti ewé dé ọsàn, láti ọsàn dé ẹ̀jẹ̀.
Mo yí kókó wálẹ̀; ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rì.
Mo yí i sókè; ó lu amọ̀, etí mi fẹ́ ya.
Ùkòkò ló ń pè é, bí ìyá ìyá mi ṣe ń pè é.
Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Àfi bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta létí òsì mi,
pàrà, pàrà, bí iyọ̀ nínú iná.
Mo tú u, mo tún un tò, ó ń ta.
Òógùn ń kán sórí kókó.
"Kí lò ń wá?"
"Nǹkan kan ló là níbí, yèyé. N ò mọ èwo."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó fà mí dé ìdí àwọn tí wọ́n sun lánàá,
mọ́kànlá, lórí ìlà.
Ó fi oríkèé ìka kan àkọ́kọ́: kòọ̀n.
Ìkejì: kòọ̀n. Ìkẹta: kòọ̀n.
Ìkẹrin: kẹ̀.
Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, n ò rójú ibi tó là.
"Ojú ò lè bá ọ rí i.
Má bi wọ́n pọ̀. Bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo fìka ta máìkì: ó dá mi lóhùn dáadáa.
Mo ta ihò míkísà: kò ní ẹjọ́.
Mo ta wáyà lọ́rùn: kẹ̀.
Mo ká a sísàlẹ̀ àpò, mo fa òmíràn yọ.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí mo lọ ra omi.
Mo gbàgbé láti pa ẹ̀rọ.

Lálẹ́, nílé ní Adó, òjò ń na páànù,
mo ki íápíìsì bọ etí.
Àlàfo. Àkùkọ kan. Ẹ̀rọ ìlọta, lọ́ọ̀ọ́kán.
Lẹ́yìn náà Yèyé ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀:
"Ọmọ yẹn ń gbọ́ wa bí ẹni pé a ti kú."
Ẹsẹ̀ lórí àpáàdì, ó ń sún mọ́ mi,
ó ń sún mọ́ mi,
oríkèé ìka lára máìkì: kọ̀! kọ̀!
Ohùn fọ́ yángá.
"Èyí ò là," ó ní. "Ùkòkò re ni."

Ọ̀gá mi ní kí n gé ibẹ̀ kúrò, ó ti bàjẹ́.
N ò gé e.